Fóònù Lọ́wọ́, Ojú Lókè: Àgbéyẹ̀wò Bí Íntánẹ́ẹ̀tì Ṣe Lè Mú Ọmọdé Mọ Ìràwọ̀

Ohun tí òbí lè fi kọ́ ọmọ nípa ìràwọ̀ kò wọ́n mọ́. Láti ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ọdún 1995 ni Robert Nemiroff àti Jerry Bonnell ti ń gbé àwòrán ojú ọ̀run kan jáde lójoojúmọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú àlàyé ṣókí lábẹ́ rẹ̀. NASA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, dá ìkànnì Space Place sílẹ̀ fún àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1998. Ní ìlú Leiden ní Netherlands, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò Universe Awareness ní ọdún 2005 nítorí àwọn ọmọ kéékèèké, pàápàá àwọn tó ń gbé níbi tí ohun ìkọ́ni kò ti tó. Tí a bá wá fi àwọn fídíò orí YouTube kún un, ọmọ kan lè máa wo ọ̀run láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ láìgbójú sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Àríyànjiyàn lórí bóyá kí ọmọ lo íntánẹ́ẹ̀tì tàbí kó má lò ó ti di ti àná. Ohun tó kù ká bèèrè ni èwo ló yẹ kó lò, kí ni yóò sì fi ṣe. Èrò tèmi ni pé bó ti wù kí ohun èlò kan dán tó, bí kò bá fún ọmọ ní ìbéèrè tí yóò gbé jáde sí gbangba láti lọ bi ojú ọ̀run fúnra rẹ̀, eré lásán ni. Eré kò burú, àmọ́ ká má pè é ní ẹ̀kọ́.

Ẹ̀rí pé wíwò nìkan kì í di òye ti wà nílẹ̀ kí íntánẹ́ẹ̀tì tó wọlé ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 1987, àwọn tó ṣe fíìmù A Private Universe gbé kámẹ́rà lọ síbi ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde ní Yunifásítì Harvard. Wọ́n bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde àtàwọn olùkọ́ wọn ní ohun tó wà nínú ìwé àwọn ọmọdé: kí ló ń fa ìgbà òtútù àti ìgbà ooru, kí ló sì dé tí òṣùpá fi ń yí ìrísí padà? Nínú èèyàn 23 tí wọ́n bi, 21 ló ṣì í. Ìdáhùn tó wọ́pọ̀ nípa ìgbà ooru ni pé Ayé máa ń sún mọ́ oòrùn nígbà náà. Ó ṣeé ṣe kí àwòrán inú ìwé wà lára ohun tó kó bá wọn, torí àwọn ayàwòrán máa ń fa ọ̀nà tí Ayé ń tọ̀ yípo oòrùn gùn ju bó ti rí lọ. Bẹ́ẹ̀, ohun tó tako èrò yẹn wà lára gbogbo wa. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní ni Ayé máa ń sún mọ́ oòrùn jù lọ, nígbà tí àárín wọn jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 147 kìlómítà. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje ló máa ń jìnnà jù, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 152. Oṣù kìíní yẹn kan náà ni ọyẹ́ ń mú wa ní Ìbàdàn, tí òtútù ń pa wọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ooru sì ń mú gidigidi ní Salvador ní Brazil. Gbogbo wọn ló jọ sún mọ́ oòrùn bákan náà. Ọmọ tí a bá gbé ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí kalẹ̀ fún yóò fúnra rẹ̀ rí i pé jíjìnnà àti sísúnmọ́ kò lè jẹ́ ìdí, kó tó dórí bí Ayé ṣe dagun tó nǹkan bíi dígírì 23 bó ti ń yípo. Kò sí fídíò tó lè ṣe ìrònú yẹn fún un.

Àwọn ọmọdé gan-an ni Stella Vosniadou àti William Brewer bá sọ̀rọ̀ nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1992. Ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 60 ní Illinois ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bi léèrè nípa ìrísí Ayé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì dáhùn bí tíṣà ṣe wí, pé roboto ni. Ìgbà tí wọ́n ní bí èèyàn bá ń rìn lọ tààrà fún ọjọ́ pípẹ́, níbo ni yóò já sí, ni nǹkan yí padà. Àwọn kan ní yóò já bọ́ létí. Àwọn kan gbà pé inú Ayé tó rí roboto náà là ń gbé, lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ tó wà nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ní Ayé méjì lọ́kàn, ọ̀kan tí a dúró lé àti ọ̀kan tó wà lókè lọ́hùn-ún. Àwọn olùwádìí kan ti takò wọ́n láti ìgbà náà. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe béèrè ọ̀rọ̀ àti yíyà tí wọ́n ní kí ọmọ yàwòrán ló da ọmọ láàmú, pé ọmọ mọ̀ ju bí ìwádìí yẹn ti fi hàn lọ. Mo gbà pé ẹjọ́ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Síbẹ̀, ibì kan náà ni tọ̀tún tòsì wọn já sí: a kò lè mọ ohun tó wà lọ́kàn ọmọ nípa Ayé àfi bí a bá fara balẹ̀ bi í ní ìbéèrè tí kò lè fi àkọ́sórí dáhùn. Fídíò kì í bi ọmọ nírú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Á sọ̀rọ̀ tán, á yìn ín pé ó káre, á sì gbé òmíràn wá.

Àwòrán tún ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Nínú èyí tí ọmọ sábà máa ń rí, oòrùn àti plánẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ tò sórí ìlà kan, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fara kanra. Kò sí bí a ṣe lè yà á lójú ìwé kó tọ̀nà. Òṣùpá tó sún mọ́ wa jù jìnnà tó 384,400 kìlómítà, àyè tó gba nǹkan bí Ayé 30 tí a bá tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn. Oòrùn sì fi nǹkan bíi mílíọ̀nù 150 kìlómítà jìnnà, débi pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń lo ìṣẹ́jú mẹ́jọ ó lé díẹ̀ lọ́nà kó tó dé ojú wa. Níhìn-ín, ó tọ́ kí n yin íntánẹ́ẹ̀tì, torí ó ṣe ohun tí ìwé kò lè ṣe. Ìkànnì tí Josh Worth gbé jáde ní ọdún 2014, tó pè ní If the Moon Were Only 1 Pixel, sọ òṣùpá di ẹyọ àmì tíntín kan ṣoṣo lójú kọ̀ǹpútà, ó wá fi gbogbo ìyókù síbi tó yẹ kí wọ́n wà ní ìwọ̀n yẹn. Ọmọ á máa fi ìka fà á lọ, á máa fà á lọ, òkùnkùn ni yóò máa rí. Á sú u. Sísú tó sú u yẹn ni mo kà sí ẹ̀kọ́, torí ohun tó pọ̀ jù ní òfuurufú ni àyè òfìfo, ọmọ tó bá sì ti fi ìka rìn ín kò ní tún gba àwòrán inú ìwé gbọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ńkọ́? Awò awọ̀nàjíjìn James Webb, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sókè ní ọjọ́ 25 oṣù kejìlá ọdún 2021, ń gba ìmọ́lẹ̀ tí ojú èèyàn kò lè rí; àwọn onímọ̀ ló ń yan àwọ̀ tí ojú lè rí fún un kí wọ́n tó gbé àwòrán náà jáde. Kì í ṣe irọ́, nítorí ohun tó wà níbẹ̀ lóòótọ́ ni wọ́n fi àwọ̀ ṣàlàyé. Àmọ́ ọmọ tí kò sẹ́ni tó sọ èyí fún yóò gbé awò kékeré sójú lọ́jọ́ kan, yóò máa retí àwọ̀ wúrà àti àlùkò, ohun funfun bàìbàì ni yóò rí, yóò sì ní awò náà ti bàjẹ́.

Stellarium ni mo fi ń ṣòdiwọ̀n gbogbo ìyókù. Fabien Chéreau, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni lórí kọ̀ǹpútà, ẹ̀dà ti fóònù náà wà, èyí tó wà lórí kọ̀ǹpútà kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ lẹ́yìn tí èèyàn bá ti gbà á sílẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó fi ojú ọ̀run hàn bí yóò ti rí níbi tí èèyàn bá yàn, ní ọjọ́ àti wákàtí tó bá yàn. Ṣùgbọ́n ó ń sọ tẹ́lẹ̀, ohun tó bá sì sọ tẹ́lẹ̀ ṣeé jáde lọ yẹ̀ wò láìná kọ́bọ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ Àgùàlà, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Venus. Àwọn baba wa pè é ní ajá oṣù, torí wọ́n sábà ń rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùpá. Àwọn àgbà kan náà ló tún kìlọ̀ nínú òwe pé kì í ṣe ajá rẹ̀ rárá. Ta ló jàre? Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè dá ẹjọ́ yẹn. Kó yan Ìbàdàn, tàbí ìlú yòówù tó bá wà, nínú Stellarium. Kó wá alẹ́ kan tí oṣù tuntun àti Àgùàlà yóò jọ wà lápá ìwọ̀ oòrùn. Kó jáde lọ wò wọ́n, kó sì yà wọ́n sínú ìwé. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ní wákàtí kan náà, kó tún jáde. Kó na apá rẹ̀ tán, kó di ìkúùkù, kó fi wọn àyè tó wà láàárín wọn. Ìkúùkù ọwọ́ tí a nà tó nǹkan bíi dígírì 10 lójú ọ̀run, òṣùpá sì ń sún tó dígírì 13 lójúmọ́, nítorí náà yóò bá a pé òṣùpá ti fi ohun tó lé ní ìkúùkù kan ga sókè ju ibi tó wà lánàá lọ. Lálẹ́ kẹta, ajá àti olówó rẹ̀ ti pínyà pátápátá, ó sì di nǹkan bí oṣù kan kí wọ́n tó tún pàdé. Bí ọmọ náà bá wá fa ọjọ́ síwájú nínú Stellarium, oṣù kan tẹ̀lé òmíràn, yóò rí i pé Àgùàlà kì í jìnnà sí oòrùn ju nǹkan bíi dígírì 47 lọ, pé ìyẹn ni kì í fi í hàn láàárín òru, pé bó bá ṣíwọ́ àtimáa yọ lálẹ́, àfẹ̀mọ́júmọ́ ni yóò ti yọ. Bó bá ní olówó, oòrùn ni, kì í ṣe òṣùpá. Ọmọ yìí ti ṣe ohun tí àwọn awòràwọ̀ ń ṣe: ó gbọ́ ọ̀rọ̀ méjì tó takora, ó sọ ohun tó yẹ kó rí bí ọ̀kan bá jóòótọ́, ó sì lọ wò ó.

Irú ohun èlò yìí tún ń gbà wá lọ́wọ́ ojú ọ̀run àjèjì. Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe ìkànnì ọmọdé ń gbé, ojú ọ̀run tiwọn ni wọ́n sì ń yà, mi ò sì bá wọn jà lórí ìyẹn. Oṣù tuntun inú àwòrán wọn dúró ṣánṣán, ó kọ ẹ̀yìn sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọmọ tó bá jáde ní Ògbómọ̀ṣọ́ yóò bá oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé pé ó dùbúlẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi, ìwo méjèèjì kọjú sókè, torí pé a sún mọ́ agbedeméjì ayé. Bí kò bá sẹ́ni tó ṣàlàyé fún un, ìwé ni yóò gbà gbọ́, yóò sì rò pé ojú òun ló ṣi òun lọ́nà. Wọ́n tún máa ń ní kí ọmọ kọ́kọ́ wá Ìràwọ̀ Àríwá. Ní Ìbàdàn, ìràwọ̀ yẹn kò ga ju nǹkan bíi dígírì méje lọ sókè ilẹ̀. Ilé aládùúgbò tó ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ti tó láti bò ó, kùrukùru yóò sì gba èyí tó kù. Àmọ́ lálẹ́ oṣù karùn-ún, bí òjò bá fún wa láyè, à ń rí Agbélébùú Gúúsù, àgbájọ ìràwọ̀ tí ọmọ Lọ́ńdọ̀nù kò lè rí láti ilé rẹ̀ láéláé. Oòrùn gan-an ní àṣírí tó jẹ́ tiwa. Ní nǹkan bí ọjọ́ 8 oṣù kẹrin àti ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án, ní nǹkan bí aago kan ọ̀sán ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, oòrùn máa ń wà ní àtàrí gan-an ní Ìbàdàn, tí igi tí a rì mọ́lẹ̀ ní òró kò fi ní ní òjìji rárá. Ní Lọ́ńdọ̀nù, kò ṣẹlẹ̀ rí, kò sì ní ṣẹlẹ̀. Ìdílé tó ní ẹ̀gbọ́n ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù àti àbúrò ní Ìbàdàn ti ní yàrá ìwádìí tí ọ̀pọ̀ iléèwé kò ní: kí àwọn méjèèjì pe ara wọn lórí fóònù nírọ̀lẹ́ kan náà, kí olúkúlùkù ya oṣù tó ń rí, kí wọ́n wá jọ wádìí ìdí tí ọ̀kan fi nàró tí èkejì sì dùbúlẹ̀.

Áàpù Spot the Station ti NASA náà yege nínú òdiwọ̀n mi. Ilé àgbéká òfuurufú tí àwọn arìnrìn-àjò òfuurufú ń gbé, tí èèyàn kò sì kúrò nínú rẹ̀ láti oṣù kọkànlá ọdún 2000, wà ní nǹkan bí 400 kìlómítà lókè wa, ó sì ń yí Ayé po ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 90. Kò ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ tí a lè rí láti ilẹ̀; ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó ń tàn lára rẹ̀ là ń rí, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé kété lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀ tàbí ṣáájú kó tó yọ nìkan ló ń hàn, nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú fún wa àmọ́ tí oòrùn ṣì ń ràn lókè lọ́hùn-ún. Áàpù náà yóò sọ ìṣẹ́jú àti ìhà tí yóò gbà yọ. Ọmọ á dúró, á rí i bó ti ń bọ̀ láìṣẹ́jú, yàtọ̀ sí bàlúù tó ń ṣẹ́jú. Nígbà mìíràn á pòórá lójijì láàárín sánmà, níbi tó ti wọnú òjìji Ayé. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ̀ bóyá òjìji Ayé jẹ́ ohun gidi, ó ti rí i.

Ìpele kan tún wà tó ga ju èyí lọ, níbi tí ọmọ ti ń dá kún ìmọ̀ dípò kó máa gbà á nìkan. Ní oṣù keje ọdún 2007, àwọn onímọ̀ gbé Galaxy Zoo jáde, torí àwòrán galaxy, ìyẹn àgbájọ ọ̀kẹ́ àìmọye ìràwọ̀, tó wà lọ́wọ́ wọn tó mílíọ̀nù kan, wọn kò sì rí ẹni tí yóò to gbogbo rẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n ní kí ará ìlú máa wò ó, kí wọ́n sọ èyí tó lọ́ àti èyí tó rí roboto. Láàárín oṣù díẹ̀, Hanny van Arkel, olùkọ́ kan ní Netherlands, rí ohun aláwọ̀ kan tí kò sẹ́ni tó kà sí tẹ́lẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe ohun náà títí dòní. Globe at Night, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2006, rọrùn ju ìyẹn lọ: ọmọ á jáde, á fi ìràwọ̀ tó ń rí wé àwòrán tí wọ́n fún un, á sì kọ èyí tó bá ti ìlú rẹ̀ mu ránṣẹ́, kí àwọn onímọ̀ lè mọ bí iná ìlú ṣe ń pa ojú ọ̀run rẹ́. Ọmọ wa lè ka ti ìgbà tí iná wà, kó tún ka ti ìgbà tí iná bá lọ ní gbogbo àdúgbò. Ó pẹ́ kí àǹfààní kan tó ti inú àìsí iná yọ.

Àwọn kan yóò ní owó dátà kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí kan mẹ̀kúnnù. Òótọ́ ni pé dátà wọ́n, mi ò sì ní fojú kéré rẹ̀. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ń jẹ dátà: fídíò ni. Fídíò kan náà la ti rí pé ó ń ṣiṣẹ́ tó kéré jù lórí òye ọmọ. Stellarium, ẹ̀ẹ̀kan la ń gbà á. Àwọn àwòṣe PhET ti Yunifásítì Colorado, tí ọmọ fi lè máa yí bí plánẹ́ẹ̀tì ṣe wúwo sí kó sì wo ohun tí òòfà yóò ṣe, wà fún gbígbà sílẹ̀ pẹ̀lú. Kolibri, tí àjọ Learning Equality ṣe, wà fún iléèwé tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì rárá: kọ̀ǹpútà kan yóò gbé ẹ̀kọ́ náà, àwọn yòókù yóò máa gbà á lára rẹ̀. Nítorí náà, ohun tó dára jù àti ohun tó dínwó jù fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Ìṣòro tó le ju dátà lọ ni ìkùukùu. Láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, ọ̀pọ̀ alẹ́ ni kò ní sí ohunkóhun láti wò ní ilẹ̀ Yorùbá, bí ọyẹ́ bá sì dé, eruku ló kàn. Àkókò náà ni àwòṣe àti àwòrán wúlò jù. Kí òbí wá tọ́jú àsìkò tí òjò bá dáwọ́ dúró, tí ọyẹ́ kò sì tíì dé, fún gbangba.

Àríwísí kejì ni ti bàbá tó máa ń bèèrè bóyá ìràwọ̀ ni ọmọ yóò jẹ. Kò yẹ ká fi í ṣẹ̀fẹ̀, torí owó iléèwé kì í ṣe eré. Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà sílé. Láti ọdún 1998 ni ibùdó tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn onímọ̀ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè Áfíríkà nípa sáyẹ́ǹsì òfuurufú ti wà nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Nàìjíríà fi NigeriaSat-1 ránṣẹ́ sókè ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2003 láti máa ya àwòrán ilẹ̀. Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ìjọba àpapọ̀ ní Àkúrẹ́ wà lára àwọn tó ṣe sátẹ́láìtì kékeré kan, NigeriaEduSat-1, pẹ̀lú àwọn ará Japan, Ghana, Mongolia àti Bangladesh. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Inú ilé àgbéká òfuurufú tí ọmọ ń wò láti ẹnu ọ̀nà yẹn ni wọ́n ti tú u sílẹ̀ ní ọdún 2017. Iṣẹ́ wà níbẹ̀, kódà fún ẹni tí kò ní fẹsẹ̀ kan òfuurufú láé: ẹni tó mọ̀ ọ́n kà nínú àwòrán sátẹ́láìtì wúlò fún àgbẹ̀ àti fún ẹni tó ń ṣọ́ àkúnya omi. Síbẹ̀, èmi kò ní fi iṣẹ́ nìkan gbèjà ìràwọ̀. Ìwà kó máa yẹ ọ̀rọ̀ wò kó tó gbà á ni èrè tó tóbi jù, àwọn oníjìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì sì ń kọ́ wa lójoojúmọ́ bí ìwà yẹn ṣe ṣọ̀wọ́n tó.

Ìyẹn ló gbé wa dé orí irọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Space Place ni àwọn fídíò tó ní Ayé tẹ́ pẹrẹsẹ wà, àtàwọn tó ní kò sẹ́ni tó dé òṣùpá ní oṣù keje ọdún 1969, àtàwọn àwòrán ìràwọ̀ tí kọ̀ǹpútà hun láti inú afẹ́fẹ́. Àwọn kan ní tìtorí èyí, kí a gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, mo fara mọ́ ọn: Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2019 pé ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin kò gbọ́dọ̀ lò ju wákàtí kan lọ lójúmọ́ nídìí fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n, pé kó tilẹ̀ dín sí i sàn. Òṣùpá tó wà lójúde ti tó fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Fún ọmọ tó ti dàgbà, ìdènà kì í pẹ́ kó tó já. Àyẹ̀wò ló lágbára. Ní alẹ́ ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, òjìji Ayé bo òṣùpá, òṣùpá náà sì ti wà nínú òjìji yẹn nígbà tó yọ lójú ọ̀run wa. Ẹni tó bá to àwòrán irú ìṣíjibò bẹ́ẹ̀ jọ, láti ọdún dé ọdún, yóò rí i pé etí òjìji náà máa ń tẹ̀ roboto ní gbogbo ìgbà. Aristotle ti tọ́ka sí i ní ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn. Ọmọ tó bá fúnra rẹ̀ rí èyí kò nílò kí bàbá rẹ̀ bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí YouTube.

Èyí tó kù ni ti èdè, òun ni mo sì rò pé a gbójú fò jù. Space Place wà ní Gẹ̀ẹ́sì àti Spánííṣì. Ọ̀pọ̀ àwọn yòókù, Gẹ̀ẹ́sì ni. Òbí tí Gẹ̀ẹ́sì kò fi bẹ́ẹ̀ yọ̀ mọ́ lẹ́nu máa ń rò pé òun kò ní ipa kankan níbẹ̀, á wá na fóònù sí ọmọ, á sì bá tirẹ̀ lọ. Ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí Babs Fafunwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970 ti dá irú òbí bẹ́ẹ̀ láre. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì kàn jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí wọ́n ń kọ́ ni. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, wọn kò rẹ̀yìn, wọ́n tilẹ̀ ta wọ́n yọ. Ìyá tó bá bi ọmọ rẹ̀ pé, “Kí lo rí lánàá? Níbo ni yóò wà lálẹ́ yìí? Báwo lo ṣe mọ̀?” ti kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì, ì báà má mọ orúkọ plánẹ́ẹ̀tì kan. Ìyàwòrán àti ìṣirò ni iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Ìbéèrè ni iṣẹ́ tiwa.

Àǹfààní ńlá kan ń bọ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ ọdún 2027, òṣùpá yóò bo oòrùn pátápátá láti gúúsù Spain àti Morocco títí dé Luxor ní Íjíbítì, níbi tí ọ̀sán yóò ti dòru fún ìṣẹ́jú tó lé ní mẹ́fà. Ní Nàìjíríà, Benin àti Togo, apá kan oòrùn ni yóò bò, láàárọ̀. Àsìkò òjò ni. Ìkùukùu lè gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ wa, íntánẹ́ẹ̀tì ni yóò sì gbé ti Luxor wá fún wa. Bí sánmà bá mọ́, fíìmù X-ray kò ṣeé fi wo oòrùn, gíláàsì tí a fi èéfín dú kò ṣeé fi wò ó, omi inú abọ́ kò sì gba ojú là. Awò tí wọ́n kọ ISO 12312-2 sí lára ni kí ọmọ lò, tàbí kó lu ihò abẹ́rẹ́ kan sára páálí, kó kọ ẹ̀yìn sí oòrùn, kó sì wo àwòrán rẹ̀ tó bọ́ sórí bébà funfun. Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, ẹ ti ìsinsìnyí bẹ̀rẹ̀ sí í wá awò náà, kí ẹ sì rí i dájú pé ojúlówó ni.